Owó Etí, Owó Ojú: Kí Ló Dé Tí Tọ́ọ̀ntébù Olówó Ńlá Fi Rí Bẹ́ẹ̀?

Rẹ́kọ́ọ̀dù jùjú, àpàlà àti sákárà ṣì wà nínú páálí ní ọ̀pọ̀ ilé àgbà ní Kàbà, Ìyàrà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kogi. Tọ́ọ̀ntébù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ wọn, ni kò sí mọ́. Ikán ti jẹ ti ẹlòmíràn, ti ẹlòmíràn sì ti di ibi tí wọ́n ń gbé tẹlifíṣọ̀n lé. Ọmọ tó bá wá fẹ́ ra òmíràn, tó ṣí fóònù rẹ̀ láti wo ohun tó wà lọ́jà, yóò pàdé ohun tó lè da ojú ẹni rú. Ọ̀kan rí bí àpótí pákó lásán tó ní ọmọrí. Èkejì ní òpó irin mẹ́ta, ike tó nípọn tó sì mọ́ gaara, àti ìṣù idẹ tó so rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ ní àpótí kankan, egungun irin nìkan ló kù lára rẹ̀. Iye tí wọ́n ń ta ọ̀kan lè ra fíríìjì, iye tí wọ́n ń ta òmíràn lè ra ilẹ̀ kó sì kọ́ ilé sórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: kí rẹ́kọ́ọ̀dù yí, kí abẹ́rẹ́ sì kà á.

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ ni pé, ṣé ìrísí yìí ń fi kún adùn orin ni, àbí ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n ń tà fún wa? Ìdáhùn mi ni pé méjèèjì wà níbẹ̀, wọ́n sì ṣeé yà sọ́tọ̀ bí ènìyàn bá mọ ohun tó ń wò. Nínú owó tí à ń san lórí ẹ̀rọ yìí, apá kan jẹ́ owó etí, apá kan jẹ́ owó ojú. Kò sí èèwọ̀ nínú sísan owó ojú. Ohun tó burú ni kí wọ́n gba owó ojú lọ́wọ́ ẹni, kí wọ́n sì ní owó etí ni.

Ohun tí abẹ́rẹ́ ń kà

Inú poro rẹ́kọ́ọ̀dù ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Lójú kọ̀ọ̀kan rẹ́kọ́ọ̀dù, poro kan ṣoṣo ló máa ń wà, tó ń yí láti etí wá sí àárín. Kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju irun orí lọ. Ògiri poro náà kò gún, ó rí kọ́lọkọ̀lọ, kọ́lọkọ̀lọ yẹn gan-an sì ni orin. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi dáyámọ́ńdì ṣe ń rìn nínú rẹ̀, ògiri ń tì í sọ́tùn-ún sósì, kátíríìjì tó gbé abẹ́rẹ́ náà sì ń sọ mímì yẹn di iná tín-ín-rín tí ampilifáyà yóò sọ di ńlá. Níbi tí orin bá ti rọlẹ̀, mímì náà kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i.

Abẹ́rẹ́ kò sì mọ èwo ni ohùn ìyá ìlù, èwo ni ẹsẹ̀ ọmọ tó ń sáré kọjá nínú pálọ̀. Ohunkóhun tó bá mì ín ni ampilifáyà yóò gbé síta. Ẹ̀ńjìnì tó ń yí rẹ́kọ́ọ̀dù ń gbọ̀n, sípíkà ń ti afẹ́fẹ́, jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn ilé ń mi ilẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ló wá já lé tọ́ọ̀ntébù léjìká: kó yí ní ìyára kan náà láìyẹ̀ (ìgbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan fún rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá, 45 fún kékeré), kó di abẹ́rẹ́ mú bó ti yẹ, kó sì lé gbogbo gbígbọ̀n àjèjì jìnnà. Kí ẹ̀ṣọ́ kankan tó wọ̀ ọ́, ìrísí tọ́ọ̀ntébù jẹ́ ọ̀nà tí ẹnìkan gbà yanjú iṣẹ́ mẹ́ta yìí.

Àwọn tó wúwo, àwọn tó fúyẹ́, àwọn tó so rọ̀

Lórí lílé gbígbọ̀n, ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò rí, ohun tí ojú wa sì ń rí ni àìfẹnukò wọn.

Àwọn kan gbà pé ohun tó wúwo kì í tètè mì. Ilé-iṣẹ́ Transrotor ní Jámánì wà nínú àwọn tó mú ọ̀nà yìí: irin àti ike tó nípọn, tí wọ́n tò léra, tí ẹni méjì yóò bá ara wọn gbé. Rega ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ òdìkejì rẹ̀. Wọ́n ní ohun tó wúwo máa ń gba gbígbọ̀n sára, á sì máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀ sínú orin, nítorí náà kí ẹ̀rọ fúyẹ́, kó sì le. Ìdí nìyẹn tí Planar 3 wọn fi rí bíi pákó pẹlẹbẹ kan lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí gíláàsì sì jẹ́ ìtẹ́ tí wọ́n ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù lé. Bí owó ẹ̀rọ wọn ṣe ń gòkè ni wọ́n ń gé lára ìdí rẹ̀ dànù, títí yóò fi ku egungun. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní wọ́n ṣahun irin. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni wọ́n fi hàn wá.

Ọ̀nà kẹta ni ti sípíríǹgì. Ní Amẹ́ríkà ní 1961, Edgar Villchur ti Acoustic Research so ìtẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù àti apá tó gbé abẹ́rẹ́ pọ̀ sórí irin kan, ó sì gbé irin náà kọ́ sórí sípíríǹgì. Bí tábìlì bá mì, ìtẹ́ àti apá á jùmọ̀ mì pọ̀, abẹ́rẹ́ ò ní fura. Linn LP12, tí wọ́n ti ń ṣe ní Glasgow láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, gba ọ̀nà yìí kan náà. Láti ìta, àpótí igi lásán ni LP12. Ohun tó díjú jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ wà níbi tí àlejò kò lè rí, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìrẹ̀lẹ̀ yẹn.

Ohun kan wà tí ẹni tó ń gbé ní Mọpà tàbí Kàbà ní láti rò kó tó sanwó fún sípíríǹgì. Ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ilẹ̀ pálọ̀ rẹ̀ jẹ́ pákó. Bí ènìyàn bá rìn kọjá, pákó á tẹ̀, abẹ́rẹ́ á fò. Ìṣòro yẹn ni sípíríǹgì yanjú fún wọn. Pálọ̀ tiwa, sìmẹ́ńtì lórí ilẹ̀ ni, ẹsẹ̀ ènìyàn kì í tẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń yọ wá lẹ́nu ni sípíkà tó ń pariwo àti tábìlì tó ń mì. Tábìlì tó dúró gbọn-in, tàbí pákó tí wọ́n kàn mọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù, yóò yanjú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ nínú owó tí ará ilé wa bá san lórí sípíríǹgì jẹ́ owó ìṣòro ilé ẹlòmíràn.

Ibi tí ẹwà ti inú iṣẹ́ jáde

Ìtẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, bí ó bá wúwo, pàápàá létí, ìyára rẹ̀ kì í tètè yẹ̀, torí ohun tó wúwo tó ti ń yí kì í fẹ́ dúró, kì í sì í fẹ́ sáré jù. Ìdí nìyẹn tí ìtẹ́ àwọn olówó ńlá fi nípọn. GyroDec tí ilé-iṣẹ́ Michell ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì so ìṣù idẹ rọ̀ yí etí ìtẹ́ rẹ̀ ká lábẹ́. Bó bá ń yí, idẹ náà á máa kọ mànà. Àwọn ènìyàn rò pé ohun ọ̀ṣọ́ ni, àmọ́ ibi tí ìwúwo ti wúlò jù gan-an ni wọ́n kó o sí. Pé wọ́n wá fi wúrà kùn ún, ìyẹn ni owó ojú. Mo fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí, torí pé nínú ìṣù idẹ kan ṣoṣo ni a ti lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí etí parí sí àti ibi tí ojú ti bẹ̀rẹ̀.

Àmì róbótó tó wà létí ìtẹ́ Technics SL-1200 tún wù mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1972 ni wọ́n gbé ẹ̀rọ yìí jáde ní Japan, ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MK2 sì dé ní 1979, èyí tí àwọn DJ káàkiri ayé sọ di ti wọn. Iná pupa kékeré kan ń tàn sí àwọn àmì náà. Bí ìyára bá péye, ojú á rí wọn bí ẹni pé wọ́n dúró sójú kan. Bó bá yẹ̀, wọ́n á máa rìn síwájú tàbí sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó fi wọ́n síbẹ̀ nítorí ẹwà. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dá ẹ̀rọ náà padà sọ́jà ní 2016, lẹ́yìn tí wọ́n ti dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2010, ojú àtijọ́ náà ló gbé wá, àmì pẹ̀lú àmì. Àwọn tó ń rà á kò ní dá a mọ̀ láìsí wọn.

Lórí apá tó gbé abẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ poro sórí àwo àkọ́kọ́ nílé-iṣẹ́, ọ̀bẹ tó ń gbẹ́ ẹ máa ń rìn tààrà láti etí sí àárín. Ọ̀pọ̀ apá tọ́ọ̀ntébù kì í rìn tààrà, ìdí rẹ̀ dúró sójú kan, orí rẹ̀ ń fì. Abẹ́rẹ́ á wá ṣẹ́rí díẹ̀ nínú poro. Bí apá bá gùn, ìṣẹ́rí yẹn á dín kù, nítorí náà ni àwọn kan fi ń lo apá ínǹṣì 12 dípò 9, ìdí ẹ̀rọ á sì ní láti fẹ̀ kó lè gbà á. Jacob Jensen ti Denmark gba ọ̀nà mìíràn nígbà tó ya Beogram 4000 fún Bang & Olufsen ní 1972. Ó jẹ́ kí apá rìn tààrà bí ọ̀bẹ agbẹ́rẹ́kọ́ọ̀dù. Apá méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n dúró ní ìbéjì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i yóò rò pé wọ́n fi èkejì sí i kó lè bára dọ́gba, bẹ́ẹ̀ èkejì náà ló ń wò bóyá rẹ́kọ́ọ̀dù wà lórí ìtẹ́, tó sì ń mọ bó ṣe tóbi tó. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé MoMA ní New York tọ́jú ẹ̀rọ yìí sáàárín àwọn iṣẹ́ ọnà rẹ̀.

Ọmọrí, eruku àti ìtìjú

Rédíògíráàmù àwọn bàbá wa jẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù igi tó ní ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àga ilé ni wọ́n fẹ́ kó jọ. Ìyá ilé á tẹ́ aṣọ kúróṣé lé e lórí, á gbé òdòdó lé aṣọ náà. Ní 1956, Hans Gugelot àti Dieter Rams ya SK4 fún ilé-iṣẹ́ Braun ní Jámánì, wọ́n sì ṣe òdìkejì rẹ̀: rédíò àti tọ́ọ̀ntébù nínú àpótí irin funfun kan, igi ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ọmọrí ike tó mọ́ gaara lórí, kí gbogbo ènìyàn lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn kan sọ ọ́ lórúkọ yẹ̀yẹ́ pé pósí Snow White, ọmọbìnrin inú àlọ́ òyìnbó tí wọ́n tẹ́ sínú pósí gíláàsì. Lẹ́yìn náà ni ọmọrí tó mọ́ gaara wá di ohun tí a ń rí lórí ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ntébù.

Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ méjì ti wà: àwọn tó fẹ́ kí ẹ̀rọ jọ àga, àti àwọn tó fẹ́ kí ẹ̀rọ jọ ẹ̀rọ. Mo ti gbọ́ kí àwọn ọ̀dọ́ máa fi ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, inú mi kì í dùn sí i. Ìyá tó tẹ́ kúróṣé lé rédíògíráàmù mọ ohun tó ń ṣe. Pálọ̀ rẹ̀ ni àlejò ń wọ̀, ojú rẹ̀ ló sì ń wò ó láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tọ́ọ̀ntébù olówó ńlá òde òní kò ní ọmọrí rárá. Àwọn tó ṣe é ní ọmọrí máa ń gba ohùn sípíkà sára, á sì máa gbọ̀n. Òtítọ́ ni. Àmọ́ ẹ wo orí tábìlì ní Kàbà ní oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ bá fẹ́, tí eruku pupa láti ojú títì bá gba ojú fèrèsé lúfà wọlé. Eruku yẹn ló ń lọ sínú poro. Abẹ́rẹ́ á máa tì í mọ́ ògiri poro, ògiri á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, ariwo wẹ́rẹwẹ̀rẹ tí a ń gbọ́ lórí rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́, apá kan rẹ̀ ti ibẹ̀ wá. Fún wa, ọmọrí jẹ́ owó etí pátápátá. Bí ẹnìkan bá bẹ̀rù gbígbọ̀n rẹ̀, kó yọ ọ́ kúrò nígbà tí orin bá ń lọ, kó dá a padà nígbà tí orin bá parí. Ike tó mọ́ gaara pàápàá, bó ṣe lẹ́wà tó lójú fóònù, ó máa ń fa eruku mọ́ra, aṣọ gbígbẹ tí a bá fi nù ún á sì ha á lára.

Ara tí ẹni fúnra rẹ̀ kàn

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ará ilé mọ̀ jù lọ rèé. Àwọn ẹ̀rọ tí àwọn olùfẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ń wá kiri jù ní ayé, bíi Garrard 301 ti àwọn ọdún 1950, Garrard 401 tí Eric Marshall yà ní àárín àwọn ọdún 1960, àti Thorens TD 124 ti Switzerland, kò ní ara nígbà tí wọ́n tà wọ́n. Ẹ̀ńjìnì àti ìtẹ́ nìkan ni oníbàárà ń rà. Ìdí, àpótí, igi, àwọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣètò. Títí di òní, ẹni méjì lè ní Garrard 301 kan náà kí wọ́n má jọra rárá: ti ọ̀kan wà nínú igi tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ní ìpele-ìpele, ti èkejì wà nínú òkúta síléètì.

Iṣẹ́ yẹn kò kọjá agbára káfíńtà wa. Ọ̀gànwó ń bẹ, ìrókò ń bẹ. Mábù ń bẹ ní Jakùrà lẹ́bàá Lọ́kọ́jà. Ohun tí ẹ ní láti sọ fún káfíńtà ni pé kí igi gbẹ dáadáa, torí igi tútù á wọ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, apá ẹ̀rọ á sì yẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n dì í sí. Pákó tí wọ́n lẹ̀ ní ìpele kì í tètè wọ́ bí ẹyọ pákó kan. Kí ìdí náà sì wúwo, torí pé nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, táyà rọ́bà kékeré kan ló ń fara kan ìtẹ́ láti yí i, ó sì ń gbé gbígbọ̀n ẹ̀ńjìnì lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ọwọ́ yín ló kù. Ẹ lè gbẹ́ igi náà, ẹ lè fi í sílẹ̀ láìkùn, ẹ lè jẹ́ kí ó bá ilẹ̀kùn ilé yín mu. Lójú mi, ìwọ̀nba owó ojú bẹ́ẹ̀ níyì ju wúrà ilé-iṣẹ́ kankan lọ.

Bí ojú ṣe ń gbọ́ orin

Ní 2023, Linn ṣe ọdún 50 LP12. Wọ́n ní kí Jony Ive, ẹni tó darí iṣẹ́ ìrísí iPhone ní Apple, bá wọn ṣe ẹ̀dà kan, 250 péré ni wọ́n sì ṣe, ní iye owó 50,000 pọ́n-ùn. Ó yí igun àpótí rẹ̀ róbótó, ó tún ìdè ọmọrí ṣe, ó tún bọ́tìnì rẹ̀ ṣe. Ó lẹ́wà, mi ò ní purọ́. Ẹ̀dà náà ní ìdí tuntun tí wọ́n fi igi tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ ṣe, etí lè jẹ nínú ìyẹn. Igun róbótó ńkọ́? Abẹ́rẹ́ kò mọ̀ ọ́n.

Síbẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ ọ lè búra pé ó dùn sí i, kó má sì purọ́. Ní 2013, Chia-Jung Tsay, onímọ̀ kan tó tún jẹ́ atẹ dùùrù, gbé ìwádìí kan jáde nípa ìdíje orin. Àwọn tí wọ́n fi fídíò tí kò lóhùn hàn mọ ẹni tó gbégbá orókè ju àwọn tó gbọ́ ohùn nìkan lọ, títí kan àwọn olórin tó fi í ṣe iṣẹ́. Bí ojú bá lè darí etí àwọn àgbà olórin báyìí, a jẹ́ pé tọ́ọ̀ntébù tó ń dán yóò dùn sí i létí ẹni tó ń wò ó. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ènìyàn pa ojú dé nígbà tó bá ń dán ẹ̀rọ wò, kó jẹ́ kí ẹlòmíràn máa pààrọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà kó lajú, kó sì wò ó dáadáa, torí pé ìyẹn náà wà lára ohun tó ń rà.

Ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ológún ẹrú kú, ẹ̀wù rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Àwọn ìyá wa ní Bùnú tó máa ń hun aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin òkú, kò fi pupa sí i kí ara lè móoru. Pupa náà ń sọ irú ẹni tí wọ́n ń sin àti ipò tó wà. Kò sí ẹni tó jẹ́ sọ fún wọn pé àwọ̀ yẹn kò wúlò nítorí pé kò mú aṣọ nípọn. Bákan náà ni ẹni tó fẹ́ kí tọ́ọ̀ntébù rẹ̀ máa kọ mànà nínú pálọ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé, bó bá ṣáà ti mọ ohun tó ń sanwó fún.

Bí mo bá fẹ́ rà á fún pálọ̀ kan ní Kàbà

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa yóò rà, nítorí náà ohun tí màá kọ́kọ́ wò kì í ṣe ìrísí. Màá yí ẹ̀rọ náà dojú dé, màá ka àkọlé ẹ̀yìn rẹ̀. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóòtì (V) àti 60 Hz, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó sì ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan; tiwa jẹ́ 50 Hz ní nǹkan bí 230 fóòtì. Ẹ̀ńjìnì àtijọ́ tó ń tẹ̀lé Hz iná, bó bá ti Amẹ́ríkà wá, tí a sì fi tíránsífọ́mà dín fóòtì kù fún un, yóò máa yí rẹ́kọ́ọ̀dù ní nǹkan bí ìgbà 27.8 dípò 33⅓. Ohùn olórin á wúwo, á sì máa fà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń sáré tó sì ń rẹ̀ á tún jẹ́ kí ohùn máa lọ sókè sódò. Ẹ̀rọ tó ní kírísítà kúọ́ọ̀sì tó ń ṣọ́ ìyára rẹ̀ nínú, bíi SL-1200MK2, kò bá Hz iná rìn.

Lẹ́yìn èyí, màá wo ọmọrí. Màá wo ìdí rẹ̀ bóyá àwọn ẹ̀rún igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pọ̀ ni, torí bí omi tàbí ọ̀rinrin òjò bá kàn án, á wú, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ á sì bó. Màá gbé e jìnnà sí fèrèsé tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gbà wọlé, kí rẹ́kọ́ọ̀dù má baà wọ́. Nígbà tí gbogbo èyí bá ti tán ni màá tó wá mú àwọ̀. Dúdú tó ń dán wù mí gan-an, ṣùgbọ́n eruku Kàbà máa ń hàn lára rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí náà igi tí wọn kò fi fáníìṣì dídán kùn ni màá mú.